Chrome, Firefox, Opera Mini tàbí Phoenix: èwo ló bá fóònù yín mu ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò yan aṣàwákiri rí, ohun tí fóònù wa ń pè ní navigateur. A ra fóònù ní Ouando, a tàn án, a bá nǹkan kan níbẹ̀ tó ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra Tecno bá Phoenix nínú rẹ̀, ẹni tó ra Samsung bá èyí tí Samsung ṣe, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi iPhone ránṣẹ́ sí láti Paris bá Safari. Chrome sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú Android tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń lo èyí tí wọ́n ń lò, wọ́n á ní òun làwọn bá níbẹ̀.

Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi. Ọ̀kan á ní Chrome ń jẹ mégà bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ pápá. Òmíràn á ní Firefox ti kú tipẹ́. Ẹ̀kẹta á búra pé Opera Mini nìkan lẹni tó gbọ́n ń lò, ẹ̀kẹrin á ní kò síyàtọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Yàtọ̀ sí ti Firefox tó kú, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu oníkálukú wọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ ra forfait ní Bẹ̀nẹ̀ kò yẹ kó dúró lórí ẹyọ kan: kó ní èyí tó fi ń kà, kó sì ní èyí tó fi ń fọwọ́ kan owó àti ìwé ìjọba. Ìdí rẹ̀ á hàn bí a bá ti ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Iye owó kò sí nínú ìwọ̀n mi, torí ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Inú mégà lowó wa ń bá lọ. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ ní 2018 á rántí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí ìjọba ní àwọn á máa gba 5 FCFA lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook, WhatsApp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Igbe “Taxe pas mes Mo” gba ìgboro kan, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti fagi lé e. Owó orí yẹn kò dúró, àmọ́ ó kọ́ wa láti máa ka mégà wò. Òun ni mo fi ṣíwájú: ojú-ewé kan náà, mégà mélòó ló ń gbà nínú aṣàwákiri yìí, mélòó ló ń gbà nínú ìyẹn?

Ẹ̀kejì ni ọjọ́ orí fóònù àti agbára rẹ̀. Púpọ̀ nínú Android tó wà lọ́wọ́ wa, RAM (àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀) 2 Go tàbí 3 Go ló ní, òmíràn sì jẹ́ occasion tó ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó dé Kútọnu. Aṣàwákiri tó ń sáré lórí Samsung olówó ńlá lè dákú lórí itel.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà rò: ṣé ó ń parí iṣẹ́? Kí ojú-ewé ṣí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ lórí service-public.bj láti fi gba casier judiciaire lọ geere títí dé ibi ìsanwó, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni aṣírí: ta ló ń wo ohun tí à ń ṣe, pàápàá nílé tí fóònù kan ti jẹ́ ti tẹbítọ̀rẹ́? Mo fi ọ̀rọ̀ èdè kún un, torí àwọn ará Kétu tó ń rajà ní Nàìjíríà ń pàdé ojú-ewé Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ Faransé ni wọ́n kọ́ wọn níléèwé.

Ìjà àwọn ńlá, àti ibi tó ti kàn wá

Ẹni tó bá rò pé àánú ló mú kí wọ́n máa ṣe aṣàwákiri fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kó gbọ́ èyí. Láàárín àwọn ọdún 1990, Netscape ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft wá so Internet Explorer mọ́ Windows, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1998, ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ náà tó yanjú, Netscape ti rọ. AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, rà á ní 1999. Internet Explorer jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sùn lórí oyè, Microsoft sì pa á tì ní oṣù kẹfà 2022. Inú kóòdù tí Netscape ṣí sílẹ̀ fáráyé ní 1998 ni Firefox ti hù jáde ní 2004.

Google gbé Chrome jáde ní 2008. Ìṣàwárí ló ń pawó fún un, nítorí náà ó ń náwó kó lè jẹ́ òun lẹni àkọ́kọ́ tí à ń bá pàdé níbikíbi tí a bá gbà wọlé. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é ní 2020, ó hàn sójútáyé pé ní 2022 nìkan, ó san 20 bílíọ̀nù dọ́là fún Apple kí Safari lè máa fi Google wá nǹkan. Ní oṣù kẹjọ 2024, adájọ́ Amit Mehta dá a lẹ́bi pé ó gba ọ̀nà tí kò bófin mu láti kó gbogbo ọjà ìṣàwárí sápò ara rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní kó ta Chrome. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, adájọ́ náà ní kò ní tà á, àmọ́ kò gbọdọ̀ tún ṣe àdéhùn tó máa ti àwọn yòókù mọ́ ìta.

Kí ló kan ará Sábẹ̀ẹ́ nínú gbogbo èyí? Ó kàn án, torí pé Chrome, Edge, Opera, Brave àti ti Samsung, ẹ́ńjìnnì kan náà, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù di ojú-ewé tí à ń rí, ló wà lábẹ́ wọn, Google ló sì ń darí rẹ̀. Opera ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jù ú nù ní 2013. Microsoft náà ju tirẹ̀ nù ní 2020. Ó ku Firefox àti Safari nìkan tó ṣì dá dúró nínú àwọn tí orúkọ wọn mú. Ẹni tó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn kò purọ́ tán. Àwọn tó ń ṣe ojú-ewé fún ilé-iṣẹ́ níbí náà, Chrome ni wọ́n sábà fi ń dán iṣẹ́ wọn wò. Tó bá ti ṣí níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí lójú wọn. Bí Google bá sì yí òfin kan padà, gbogbo àwọn tó jókòó lórí ẹ́ńjìnnì náà ló máa ń kàn.

Chrome

Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, tàbí kó súnmọ́ bẹ́ẹ̀, Chrome ni wọ́n ń lò. Ibi tó ti lágbára jù lọ ni ìwọ̀n kẹta: ó ń parí iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ìjọba, ojú-ewé ilé ìfowópamọ́, ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì, ibi tí wọ́n ti ń ní kí ẹ fi MoMo sanwó, kò sí èyí tí kò gbà nínú rẹ̀. Bí fóònù bá já bọ́ lórí zem, ẹ ra òmíràn, ẹ fi Gmail yín wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti jẹ́ kó tọ́jú á padà wá bá yín.

Ti èdè náà dára. Ó ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé lójú ẹsẹ̀. Yorùbá ti wà nínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google láti 2013, Fọ̀n sì wọlé ní 2024. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tú nǹkan sí Yorùbá ṣì máa ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹni tó ń ka iye ọjà tàbí ìlò òògùn, Faransé ni kó ní kó tú u sí.

Àléébù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látinú mégà. Ó ní ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ tó fi ń dín ìwọ̀n ojú-ewé kù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Google yọ ọ́ kúrò ní oṣù kẹta 2022. Wọ́n ní owó mégà ti wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ra forfait ní Sábẹ̀ẹ́. Lórí fóònù, Chrome kì í gba àfikún, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí à ń so mọ́ aṣàwákiri, nítorí náà ẹ ò lè fi ohun tó ń dènà ìpolówó sínú rẹ̀, ìpolówó oní-fídíò sì ni baba olè mégà. Lórí kọ̀ǹpútà, níbi tó ti ń gba àfikún, Google yí òfin àfikún padà, bẹ́ẹ̀ ni uBlock Origin, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù fún dídènà ìpolówó, ṣe di ohun tí Chrome kò gbà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé orí ìpolówó ni Google ti ń jẹun, ìyẹn kò ní yà á lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2025, Chrome tuntun kì í wọ Android tó bá ti wà nísàlẹ̀ 10. Èyí tó wà nínú fóònù àtijọ́ á ṣì máa ṣí, àmọ́ kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, kò sì yẹ kí ẹ tún fi wọ ibi owó.

Ní ti aṣírí, ẹ má fọkàn tán “Navigation privée” jù. Inú fóònù yín ló ti ń pa ìtàn ibi tí ẹ lọ rẹ́. Ọmọ tó bá gba fóònù náà lọ́wọ́ yín kò ní rí i, ṣùgbọ́n kò bo ojú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kò sì bo ojú àwọn tó ni ojú-ewé. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2020, ó sì gbà ní 2024 láti pa ẹgbàágbèje àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ rẹ́.

Opera Mini

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí òun ni àwọn èèyàn ń jà lé lórí jù. Ilẹ̀ Nọ́wè ni Opera ti wá, Opera Mini sì jáde ní 2005, nígbà tí fóònù alábọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá ní kó ṣí ojú-ewé kan, kò lọ síbẹ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà Opera tó wà níbòmíì ló ń lọ mú un, á fún un pọ̀, á sọ àwòrán di kékeré, lẹ́yìn náà ni á fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí yín. Opera fúnra rẹ̀ ní ó lè dín mégà kù tó 90%. Lórí ìwé ìròyìn tí àwòrán kún inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an. Lórí ojú-ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń fakọ yọ ni ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣojo. Tí ẹ bá yà kúrò lójú títì Parakou, tí ẹ bọ́ sẹ́yìn àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́ lọ sóko, 4G a máa di E lórí fóònù. Níbẹ̀, Chrome á máa yí òbìrí, Opera Mini á ti gbé ìròyìn wá. Kò wúwo lórí RAM, kò gba àyè púpọ̀, fóònù tí gbogbo ènìyàn ti pa tì ṣì lè gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá èsì ìdánwò lọ́jọ́ tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń wá a pọ̀ á mọ iyì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó fi dára gan-an ló fi burú. Ojú-ewé tí wọ́n ti fún pọ̀ níbòmíì kì í ṣe ojú-ewé náà gan-an mọ́. Bọ́tìnnì tó yẹ kó ṣí lè má ṣí. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ti kọ dé ìdajì lè pòórá. Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ fi fọ́tò acte de naissance sí lè máa yí lọ yí bọ̀ títí forfait fi tán, kò kúkú wá sí èrè. Èyí tó tún ga jù ni pé, tí ẹ bá fi í sórí ìfúnpọ̀ tó le jù, ohun tí ẹ ń kà àti ohun tí ẹ ń tẹ̀ ló ń gba inú kọ̀ǹpútà Opera kọjá. Tó bá jẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù, kí ló kàn mí? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà ilé ìfowópamọ́, mi ò gbà. Wọ́n á ní ẹ lè dín ìfúnpọ̀ náà kù tàbí kí ẹ pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹ bá ti pa á, kí lẹ tún fi ń lo Opera Mini?

Láti 2016 ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó Ṣáínà. Mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀sùn; ẹni tó bá ń sá fún Amẹ́ríkà àti Ṣáínà pa pọ̀ kò ní rí fóònù gbé lọ́wọ́.

Opera gangan, èyí tí kì í ṣe Mini, ní VPN ọ̀fẹ́ nínú, ìyẹn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí à ń gbà wọ ojú-ewé tí wọ́n bá dí, àwọn kan sì ń tìtorí rẹ̀ yàn án. Ẹ rántí 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò àwọn aṣòfin. Wọ́n kọ́kọ́ dí WhatsApp àti Facebook, àwọn èèyàn ń wá VPN kiri, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gé íntánẹ́ẹ̀tì kanlẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí rárá, VPN kankan ò lè ṣe nǹkan kan.

Firefox

Kò kú o. Mozilla ló ń ṣe é, abẹ́ àjọ kan tí kì í ṣe ti èrè ni Mozilla sì wà. Àwọn tó ń lò ó dín kù gan-an sí ti bí ọdún 2010, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa kéde òkú rẹ̀.

Ohun kan wà tó fi borí Chrome lórí Android: ó ń gba àfikún. Ẹ lè fi uBlock Origin sínú rẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ìpolówó tí kò wọlé kò lè jẹ mégà. Ẹ fi èyí wé ti Opera Mini: Opera Mini ń fún odindi ojú-ewé pọ̀ níbòmíì kó tó gbé e fún yín; Firefox pẹ̀lú uBlock Origin ń jẹ́ kí ohun tí ẹ kò bèèrè dúró síta, ohun tí ẹ bèèrè á sì dé ní odindi láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, láìgba ọwọ́ ẹnì kẹta. Mégà tó ń tọ́jú kò tó ti Opera Mini, àmọ́ fọ́ọ̀mù kì í fọ́ nítorí rẹ̀. Ó tún ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé nínú ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀, láìgbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Yorùbá ni kò sí nínú ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ibi tó ti wúlò jù lójú mi ni orí kọ̀ǹpútà occasion. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù, Windows 7 tàbí 8 ló ṣì wà lórí wọn. Google fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Mozilla ń bá a lọ láti fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ fún wọn nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 115 ESR títí wọ 2025. Lórí fóònù náà, ó ń gba Android 8 àti 9 lẹ́yìn tí Chrome ti kọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò lówó fóònù tuntun kò lè fojú kéré ìyẹn.

Àléébù ńkọ́? Lórí RAM 2 Go, ó máa ń lọ́ra, pàápàá tí ẹ bá ṣí ojú-ewé bíi mélòó kan pọ̀. Ẹ sì lè bá àwọn ojú-ewé kan pàdé tí wọ́n fi Chrome nìkan dán wò, tí nǹkan kan á wọ́ níbẹ̀. Ti owó rẹ̀ tún wá jẹ́ ohun ìyanu: apá tó pọ̀ jù lọ nínú owó Mozilla, ọwọ́ Google ló ti ń wá, torí kí Firefox lè máa fi Google wá nǹkan. Ẹni tí a ní kó dojú ìjà kọ alágbára, ọwọ́ alágbára náà ló ti ń jẹun. Nígbà tí ẹjọ́ Mehta ń lọ, Mozilla jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé bí wọ́n bá dá owó yẹn dúró, ó lè pa Firefox. Ìdájọ́ 2025 kò dá a dúró, ó ṣì ń mí.

Mi ò fi ojú ṣíṣàánú wò ó ṣá o. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá lè gbé e, kó lò ó, torí ọjọ́ tó bá parẹ́, Google àti Apple nìkan ni yóò kù láti sọ bí ojú-ewé ṣe gbọ́dọ̀ rí.

Brave

Brendan Eich, ẹni tó ṣe JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé, ní 1995, tó sì wà lára àwọn tó dá Mozilla sílẹ̀, ló ṣaájú nínú dídá Brave sílẹ̀. Chrome tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìpolówó láti ilé ni ẹ lè pè é. Ẹ kò ní wá àfikún kiri, ẹ kò ní tún nǹkan kan tò. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì Chrome ló wà lábẹ́ rẹ̀, ojú-ewé ìjọba àti ti ilé ìfowópamọ́ ń ṣí nínú rẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ tẹ àmì kìnnìún tó wà lókè, ẹ pa ìdènà fún ojú-ewé yẹn nìkan, ó parí.

Wọ́n so owó kírípítò kan mọ́ ọn tí wọ́n ń pè ní BAT, pé ẹni tó bá gbà láti máa wo ìpolówó tiwọn á rí díẹ̀ gbà. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tìtorí rẹ̀ mówó wá, olè ni.

Phoenix

Àwọn Transsion ti Shenzhen, tó ni Tecno, Infinix àti itel, ló ń fi í sínú fóònù wọn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọrùn láti fi gba fídíò wálẹ̀ àti láti fi tọ́jú statut WhatsApp ẹlòmíì. Fóònù kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í wúwo lórí wọn.

Ìfitónilétí rẹ̀ ni wàhálà. Ìròyìn òṣèré, ìròyìn bọ́ọ̀lù, ìròyìn ẹni tó kọ ìyàwó sílẹ̀, wọ́n á máa dún láàárọ̀ lálẹ́, àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì ní mégà tó ń bá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó, kó kọ́kọ́ lọ pa ìfitónilétí náà nínú Paramètres. Ibi owó, ẹ má gbé e débẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní ẹ̀rí pé ó ń jalè, ṣùgbọ́n Chrome tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fóònù kan náà dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yẹn.

Ti Samsung, Edge àti Safari

Aṣàwákiri Samsung dára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ó ń gba ohun tó ń dènà ìpolówó, ó sì yá. Ẹni tó ní Samsung kò ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wá òmíràn kiri, àyàfi tó bá fẹ́.

Edge ló ń dúró de ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà Windows. Ó máa ń fi ojú-ewé tí ẹ kò lò sùn kí RAM lè sinmi, ìyẹn sì wúlò lórí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ kí èèyàn má gba Chrome wálẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín pa àwọn kan, tó sì ń bí àwọn mìíràn nínú.

Lórí iPhone, ẹ má da ara yín láàmù. Apple kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wọ ibẹ̀, àyàfi ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti oṣù kẹta 2024, àti ní Japan láti oṣù kejìlá 2025. Chrome tí ẹ bá gbà wálẹ̀ lórí iPhone ní Àjàṣẹ́, Safari ló wọ aṣọ Chrome.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ RAM 2 Go, tó ń gbé Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣojo, kó fi Opera Mini kàwé, kó sì fi Chrome tó wà nínú fóònù náà ṣe ohun tó bá jẹ mọ́ owó àti ìwé. Bí Android rẹ̀ bá kéré sí 10, Firefox ni kó fi rọ́pò Chrome fún iṣẹ́ yẹn, kó sì fara da lílọ́ra rẹ̀.

Oníṣòwò Kétu tó ń ná ọjà lórí ojú-ewé Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, Chrome ni tirẹ̀, nítorí ìtumọ̀ àti nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà tí kì í sọ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà occasion, Firefox pẹ̀lú uBlock Origin, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, tó ń bá wọn gba casier judiciaire tàbí tó ń bá wọn forúkọ sílẹ̀, Firefox náà ni kó lò, kó tò ó kó máa pa ìtàn rẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá tì í. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà kejì lè bá ara rẹ̀ nínú compte ẹni àkọ́kọ́.

Fóònù ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà, Brave ni mo máa ń dábàá tí RAM bá tó 3 Go. Mégà nìkan kọ́ ló fà á. Ìpolówó tó ń pariwo pé “fóònù yín ti ní vírọ́ọ̀sì, ẹ tẹ ibí” kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn nínú Brave, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún ni á máa dá irú ìyẹn mọ̀ fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá ti yàn tán, fóònù ò mọ̀ títí ẹ ó fi sọ fún un. Lórí Android, ẹ wọ Paramètres, lẹ́yìn náà Applications, lẹ́yìn náà Applications par défaut, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ibi tí wọ́n kọ Navigateur sí. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù dé fóònù. Ẹ wá tẹ líǹkì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí ẹ wo èyí tó ṣí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ wo Consommation des données nínú Paramètres yẹn kan náà, ó á fi mégà tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ hàn yín, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rí ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni lọ, títí kan tèmi. Èyí tó bá wà nínú fóònù láti ilé-iṣẹ́, tó kọ̀ tí kò ṣeé yọ, Désactiver ni kí ẹ tẹ̀. Kò ní lọ, àmọ́ kò ní dún mọ́, kò sì ní fọwọ́ kan mégà yín.